Ọkọ̀ Tó Rẹlẹ̀ Tó sì Tún Tuni Lára: Kí Ni Ó Yẹ Kí Ìdílé Mọ̀ Kí Wọ́n Tó Fọwọ́ Kan Ẹsẹ̀ Ọkọ̀?

Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé lónìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti di ohun tí bàbá àti ọmọ ń jiyàn lé lórí. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ yóò ní ọkọ̀ Corolla tàbí Golf tí bàbá fi sí òun níkàáwọ́ ga jù, pé ó dà bí ẹni tí ó wọ ṣòkòtò tí kò dé kókósẹ̀. Ó fẹ́ kí ọkọ̀ náà jókòó dáadáa lórí táyà rẹ̀, kí àlàfo dúdú tí ó wà láàárín táyà àti ara ọkọ̀ dínkù. Bàbá yóò ní gíga tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà fún un ní ìdí. Ìyá, ẹni tí ó ń jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ọmọ lẹ́sẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ohun tí ó ń béèrè kò ju pé kí ẹ̀yìn má ṣe máa dun òun nígbà tí wọ́n bá dé ibi tí wọ́n ń lọ.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu wọn. Ọkọ̀ tí ó rẹlẹ̀ díẹ̀ máa ń wuni í wò, ó sì lè dì mọ́ ọ̀nà dáadáa nígbà tí a bá ń yí kọ́nà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí a mú wálẹ̀ láìmọ ohun tí à ń ṣe lè ba táyà jẹ́ láàárín oṣù díẹ̀, ó lè fọ́ ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ó sì lè ṣi búréèkì lọ́nà ní ọjọ́ tí a nílò rẹ̀ jù. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ la ọ̀rọ̀ yìí yékéyéké fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, kí olúkúlùkù lè mọ èyí tí yóò yàn àti èyí tí yóò fi sílẹ̀.

IBI TÍ ÀṢÀ YÌÍ TI WÁ

Àṣà mímú ọkọ̀ wálẹ̀ kì í ṣe ti àná. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọ̀dọ́ tí ìran wọn ti Mexico wá, tí wọ́n ń gbé ní Los Angeles àti agbègbè rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í di àpò iyanrìn sínú búùtù ọkọ̀ wọn kí ìdí rẹ̀ lè wálẹ̀. Àwọn mìíràn gé sípíríǹgì kúrú. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà kò fara mọ́ ọn. Láti ọdún 1958, òfin California kà á léèwọ̀ pé kí apá kan lára ọkọ̀ tí a tún ṣe rẹlẹ̀ ju etí irin táyà lọ. Ní ọdún 1959, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ron Aguirre wá ọ̀nà àbáyọ: ó fi ẹ̀rọ tí ń fi agbára epo ti nǹkan sókè, irú èyí tí a ń lò nínú ọkọ̀ òfuurufú, sí ara Corvette rẹ̀, tí ó fi lè gbé ọkọ̀ náà sókè nígbà tí ó bá rí ọlọ́pàá, kí ó sì tún sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà tí ọlọ́pàá bá kọjá. Ó tó ọdún márùndínláàádọ́rin kí òfin náà tó kásẹ̀ nílẹ̀. Òfin tí ó fagi lé e di ṣíṣe ní 2023, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí àwọn ọ̀dọ́ wa kì í sábà rántí. Àwọn tí ó dá àṣà náà sílẹ̀ kì í fi ọkọ̀ wọn sáré. Títì ńlá tí ó tẹ́jú bí ẹní ni wọ́n ń gbà, wọ́n á sì máa rìn ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí gbogbo ayé lè wò wọ́n. Ẹni tí ó ń gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé ní àárọ̀, tí ó ń gba ọ̀nà oníkòtò lọ sí ibi iṣẹ́, tí yóò sì kó ìdílé láti Kàdúná lọ sí Ìlọrin fún Iléyá, ohun mìíràn ni ó ń wá. Ọ̀nà ìṣiṣẹ́ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ yàtọ̀.

IṢẸ́ TÍ ẸSẸ̀ ỌKỌ̀ Ń ṢE

Àwọn mẹkáníìkì wa ní orúkọ tí ó bá ohun náà mu gan-an: wọ́n ń pè é ní ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bí orúnkún ènìyàn ṣe ń tẹ̀ nígbà tí ó bá fò sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń tẹ̀ nígbà tí táyà bá bọ́ sí kòtò. Ohun mẹ́ta pàtàkì ni ó wà níbẹ̀.

Èkíní ni sípíríǹgì, irin wíwé tí ó gbé ìwúwo ọkọ̀ dúró. Èkejì ni ṣọ́ọ̀kì, èyí tí epo wà nínú rẹ̀, tí ó ń fà sípíríǹgì sẹ́yìn kí ó má baà máa jó lọ jó bọ̀. Bí kò bá sí ṣọ́ọ̀kì, ọkọ̀ tí ó bá gba orí gegele kan yóò máa mì bí ọkọ̀ ojú omi títí tí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀kẹta ni rọ́bà kékeré tí ó wà ní ìparí ìrìn ṣọ́ọ̀kì, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gba ìkọlù ìkẹyìn nígbà tí sípíríǹgì bá ti tẹ̀ débi tí kò lè tẹ̀ mọ́. Rọ́bà yìí ni ó kéré jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé.

Kí ni ó ń mú kí ọkọ̀ tuni lára? Àwọn onímọ̀ ti rí i pé ọkọ̀ tí ara rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ìgbà kan sí ìgbà kan ààbọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ó máa ń dẹ ènìyàn lára. Èyí kò jìnnà sí bí ara wa ṣe ń lọ sókè sódò nígbà tí a bá ń rìn, ara sì ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ìmì náà bá tó ìgbà mẹ́rin sí mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ibẹ̀ gan-an ni ara ènìyàn tí ó jókòó kò ti lè gbà á mọ́ra: ìfun á máa mì, eegun ẹ̀yìn á máa gba ìkọlù, orí á máa fọ́. Sípíríǹgì tí ó le jù, táyà tí ó tín-ín-rín jù àti ọkọ̀ tí ó ń jókòó lórí rọ́bà ìkẹyìn, àwọn wọ̀nyí ni ó máa ń ti ènìyàn sí agbègbè ìnira yẹn. Àgbàlagbà, aláboyún àti ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára, kódà kí awakọ̀ fúnra rẹ̀ má tíì ráhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ yóò rántí Peugeot 504, ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ PAN bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní ọdún 1975. Kì í ṣe pé ọkọ̀ náà lágbára nìkan ni àwọn ènìyàn ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rìn jìnnà sókè àti sódò, sípíríǹgì rẹ̀ sì rọ̀, nítorí náà ó lè bọ́ sí kòtò kí àwọn tó wà nínú rẹ̀ má sì mọ̀ púpọ̀. Àlàfo tí ó wà láàárín táyà àti ara ọkọ̀ náà ni ààyè tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń rìn. Èyí ni ó yẹ kí á fi sọ́kàn: àlàfo tí ọmọ wa ń pè ní àbùkù, òun ni ilé tí ìtura ń gbé.

ÌṢIRÒ KAN TÍ GBOGBO ILÉ LÈ ṢE

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé. Ká ní sípíríǹgì ẹ̀yìn ọkọ̀ kan jẹ́ irú èyí tí ìwúwo kílò 17 máa ń tẹ̀ wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1. Ká tún ní pé nígbà tí ọkọ̀ náà ṣófo, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ní ààyè sẹ̀ǹtímítà 9 láti tẹ̀ kí ó tó kan òpin. Ènìyàn mẹ́ta wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹrù sì kún búùtù, tí ìwúwo tí ó kún orí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì wá jẹ́ kílò 200. Kílò 100 ni ó bọ́ sórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fi 17 pín 100, ọkọ̀ náà yóò wálẹ̀ ní bíi sẹ̀ǹtímítà 6. Ààyè tí ó ṣẹ́kù fún kòtò àti gegele kò ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ.

Ní báyìí, ká ní a mú ọkọ̀ yẹn wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 3 láìyí líle sípíríǹgì padà. Ààyè tí ó kù ti tán! Gbogbo kòtò tí ọkọ̀ náà bá bọ́ sí, ìkọlù rẹ̀ yóò lọ tààrà sínú ara ọkọ̀ àti sínú eegun ẹ̀yìn àwọn tó wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe sípíríǹgì kúkúrú fi máa ń mú un le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí a bá sọ ọ́ di èyí tí kílò 21 ń tẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1, ẹrù kan náà yóò tẹ̀ ẹ́ ní sẹ̀ǹtímítà 4 àti díẹ̀, bíi 4.8. Ààyè tí ó wà tẹ́lẹ̀ jẹ́ 6, èyí tí ó ṣẹ́kù kò ju sẹ̀ǹtímítà 1 àti díẹ̀ lọ. Ọkọ̀ náà ti le sí i, síbẹ̀ ààyè rẹ̀ kò tó ti tẹ́lẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2 ni a mú un wálẹ̀, tí kílò 20 sì ń tẹ̀ ẹ́ ní sẹ̀ǹtímítà 1, ẹrù náà yóò tẹ̀ ẹ́ ní 5, ààyè 2 yóò sì ṣẹ́kù. Ìyàtọ̀ sẹ̀ǹtímítà kan ṣoṣo ni ó wà láàárín méjèèjì, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ yẹn ni ó pààlà sáàárín ìrìn àjò tí ó dùn àti èyí tí ènìyàn yóò fi máa di ìdí mú. Nítorí náà ni a ṣe ń sọ fún ẹni tí ó ń gbé ìdílé lójoojúmọ́ pé kí ó má ṣe kọjá sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, kí ó sì súnmọ́ 2 ju 3 lọ bí ọkọ̀ rẹ̀ bá sábà máa ń kún.

Ọ̀NÀ MÁRÙN-ÚN TÍ Ó WÀ

1. Gígé sípíríǹgì tàbí fífi iná gáàsì yọ́ ọ. Èyí ni ó rọrùn jù lówó, òun náà ni ó burú jù. Sípíríǹgì tí a gé kì í jókòó dáadáa mọ́ nínú ilé rẹ̀. Bí táyà bá rọ̀ sílẹ̀ sínú kòtò jíjìn, sípíríǹgì náà lè yọ kúrò ní ààyè rẹ̀. Bí a bá gé ìka kan kúrò lára sípíríǹgì tí ó ní ìka mẹ́fà tí ń ṣiṣẹ́, yóò le sí i ní bí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún, ṣọ́ọ̀kì kò sì mọ̀ nípa àyípadà yẹn rárá. Ní ti iná gáàsì, ṣe ni ó ń pa agbára irin náà, nítorí pé ní ilé iṣẹ́ ni a ti fi ooru tí a wọ̀n dáadáa sọ irin yẹn di onílílọ́. Irin tí iná ti bàjẹ́ yóò máa wálẹ̀ sí i lọ́jọ́ dé ọjọ́, ó sì lè ṣẹ́ lójijì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba èyí láyè lára ọkọ̀ tí ọmọ ènìyàn yóò wọ̀.

2. Sípíríǹgì kúkúrú nìkan, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì àtijọ́. Èyí sàn ju gígé lọ bí sípíríǹgì náà bá jẹ́ èyí tí a ṣe fún irú ọkọ̀ náà gan-an. Ilé iṣẹ́ bí Eibach àti H&R ní ilẹ̀ Jámánì ń ṣe irú rẹ̀ fún oríṣiríṣi ọkọ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ṣọ́ọ̀kì tí a ṣe fún sípíríǹgì rírọ̀ kò ní lè ki sípíríǹgì líle wọ̀. Bí ṣọ́ọ̀kì náà bá ti gbó tẹ́lẹ̀, bí ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Tòkunbọ̀, kò ní pẹ́ tí epo yóò fi máa jò lára rẹ̀.

3. Sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì tí a ṣe fún ara wọn. Èyí ni a rò pé ó dára jù fún ọkọ̀ ojoojúmọ́. Ẹni tí ó ṣe wọ́n ti wọn líle sípíríǹgì, ó sì ti mú agbára ṣọ́ọ̀kì bá a mu. Bilstein àti KONI wà lára àwọn orúkọ tí a mọ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀kì. Kì í ṣe dandan kí ó le kí ó tó dára. Ṣọ́ọ̀kì tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè mú kí ọkọ̀ tí ó rẹlẹ̀ díẹ̀ tuni lára ju ọkọ̀ gíga tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ti kú lọ.

4. Ṣọ́ọ̀kì olóròó, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní coilover. Sípíríǹgì wà lára ṣọ́ọ̀kì náà, a sì lè lọ́ òrùka tí ó gbé e dúró kí ọkọ̀ lè lọ sókè tàbí kí ó wálẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ ni pé a lè tún un ṣe títí tí yóò fi bá wa lára mu. Ewu rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ tí owó rẹ̀ kéré ni a ṣe fún ìrísí, sípíríǹgì wọn le bí òkúta. Bákan náà, eruku àti omi ẹrẹ̀ máa ń mú òró náà dípẹtà, tí yóò fi dí pa. Ẹni tí kò bá ní í máa tún gíga ọkọ̀ rẹ̀ ṣe lóòrèkóòrè kò nílò rẹ̀.

5. Ẹsẹ̀ afẹ́fẹ́. Rọ́bà tí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ni ó gba ipò sípíríǹgì. Ọkọ̀ lè rẹlẹ̀ nígbà tí ó bá dúró, kí ó sì dìde nígbà tí ó bá fẹ́ rìn tàbí nígbà tí ẹrù bá kún un. Bí a bá fi sí i dáadáa, kò sí èyí tí ó tuni lára tó o. Ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀rọ ìfẹ́fẹ́, ọ̀pá, fálífù àti wáyà, gbogbo wọn ni ó sì lè bàjẹ́. Bí a kò bá ní oníṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n nítòsí, ọkọ̀ lè sùn sílẹ̀ ní ojú ọ̀nà kí ó má sì dìde mọ́.

A kò gbọ́dọ̀ gbàgbé pé àwọn ará ilẹ̀ Faransé ti fi hàn pé rírẹlẹ̀ àti ìtura lè gbé pọ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1955 ni Citroën gbé ọkọ̀ DS jáde ní Paris. Dípò sípíríǹgì irin, gáàsì àti epo ni ó gbé ọkọ̀ náà dúró. Bí èrò bá wọ̀ ọ́, ẹ̀rọ á ti epo wọlé kí ọkọ̀ lè padà sí gíga rẹ̀. Bí wọ́n bá sọ̀, á tún dín in kù. Awakọ̀ sì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan gíga tí ó bá ọ̀nà mu. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ohun kan gbọ́dọ̀ rọ́pò ààyè tí a gbà lọ́wọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ẹni tí ó bá mú ọkọ̀ wálẹ̀ láìfi ohunkóhun rọ́pò ààyè yẹn, ìtura ni ó fi san gbèsè.

TÁYÀ NÁÀ NÍ IPA TIRẸ̀

Ọ̀pọ̀ tí ó mú ọkọ̀ wálẹ̀ ni ó tún máa ń pààrọ̀ táyà sí èyí tí irin rẹ̀ tóbi, tí rọ́bà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì tín-ín-rín. Ẹ wo nọ́ńbà ara táyà. Táyà 195/65R15, rọ́bà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga ní sẹ̀ǹtímítà 12.7. Ti 205/55R16 jẹ́ 11.3. Ti 215/45R17 jẹ́ 9.7. Gíga táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta látòkè délẹ̀ súnmọ́ ara wọn, láti 62.5 sí 63.5, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ti 17 rọ́pò ti 15 ti sọ sẹ̀ǹtímítà 3 nù nínú rọ́bà tí ń gba ìkọlù kí ó tó dé ọ̀dọ̀ sípíríǹgì. Bí táyà bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sí kòtò ní òru, irin rẹ̀ lè tẹ̀, rọ́bà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì lè wú bí eéwo.

Ìmọ̀ràn wa ni pé ẹni tí ó bá ti mú ẹsẹ̀ ọkọ̀ wálẹ̀, kí ó jẹ́ kí táyà rẹ̀ wà bí ó ti wà, tàbí kí ó má ṣe kọjá ìpele kan sókè. Kí ó sì máa fẹ́ afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀, kì í ṣe èyí tí fọganáísà bá fojú díwọ̀n.

OHUN TÍ Ó Ń YÍ PADÀ TÍ OJÚ KÒ RÍ

Bí ọkọ̀ bá wálẹ̀, kì í ṣe gíga rẹ̀ nìkan ni ó yí padà. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a ń lò, bí Corolla àti Golf, ẹsẹ̀ iwájú jẹ́ irú èyí tí ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì so pọ̀ lóòró, tí apá irin kan ṣoṣo sì dì í mú nísàlẹ̀. Bí ọkọ̀ bá wálẹ̀ jù, apá irin náà yóò kọjú sókè dípò kí ó tẹ́. Nígbà náà, ọkọ̀ lè máa tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nígbà tí a bá ń yí kọ́nà, èyí tí ó lòdì sí ohun tí a wá lọ. Ìkọjúsí táyà pẹ̀lú yóò yí padà, yóò máa jẹ ara rẹ̀ ní apá inú níbi tí ojú kì í tètè dé. Nítorí náà ni aláínmẹ́ńtì ṣe di dandan lẹ́yìn tí a bá ti parí iṣẹ́, kí á sì tún padà lọ ṣe é lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nígbà tí sípíríǹgì tuntun bá ti jókòó tán.

Ẹ̀kejì ni búréèkì. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí wọ́n ní ẹ̀rọ kékeré ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, tí ó ń wo bí ìdí ọkọ̀ ṣe wálẹ̀ tó kí ó lè mọ ìwọ̀n búréèkì tí yóò fún táyà ẹ̀yìn. Bí ìdí bá wálẹ̀, ẹ̀rọ náà yóò gbà pé ẹrù ni ó wà níbẹ̀, yóò sì fún ẹ̀yìn ní búréèkì púpọ̀. Bí ọkọ̀ bá ṣófo lọ́jọ́ tí òjò rọ̀, táyà ẹ̀yìn lè dì gbá, kí ìdí ọkọ̀ sì yí wá síwájú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì bóyá ọkọ̀ yín ní irú ẹ̀rọ yìí. Bí ó bá ní in, ó gbọ́dọ̀ tún un wọ̀n.

Ẹ̀kẹta ni iná iwájú. Bí iwájú àti ẹ̀yìn kò bá wálẹ̀ bákan náà, iná ọkọ̀ lè máa wo ojú àwọn tí ń bọ̀, tàbí kí ó máa wo ilẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí awakọ̀ rí ọ̀nà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni a fi ń tún un ṣe, ẹ̀mí ni ó sì ń dáàbò bò.

BÍ A ṢE Ń YÀN LÁÌṢÌNÀ

Kí a tó ná kọ́bọ̀ kan, ẹ jẹ́ kí á ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí:

Ẹ kọ́kọ́ wo ìlera ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí ó wà nílẹ̀. Ẹ tẹ igun ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Bí ó bá dìde tí ó sì dúró, ṣọ́ọ̀kì ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá ń jó lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ wo bóyá epo ń jò lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yẹ bọ́ọ̀ṣì àti bọ́ọ̀lù jọ́ìntì wò. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a rò pé ó ga jù tàbí pé ó le jù, rọ́bà inú ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó ti gbó.

Ẹ wọn ọkọ̀ náà. Láti àárín irin táyà dé etí ara ọkọ̀ lókè rẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí ọkọ̀ ṣófo àti nígbà tí gbogbo ìdílé bá wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ẹrù. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni yóò sọ fún yín bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yín ṣe ń tẹ̀ sí. Ẹ tún wọn ibi tí ó rẹlẹ̀ jù nísàlẹ̀ ọkọ̀, yálà ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì tàbí sàlẹ́ńsà, sí ilẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ kún.

Ẹ wọn ọ̀nà yín. Bọ́ǹpù tí ó wà ní àdúgbò, gọ́tà tí ẹ ń gbà wọ ilé, etí títì tí ọ̀dà rẹ̀ ti já: ẹ mọ gíga wọn. Ọ̀pọ̀ bọ́ǹpù ni àwọn ará àdúgbò mọ fúnra wọn láìwọ̀n. Bí gíga bọ́ǹpù bá súnmọ́ èyí tí ọkọ̀ yín ní nígbà tí ó kún, ẹ má ṣe mú un wálẹ̀ rárá. Bí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì bá fọ́ tí epo sì dà nù, ẹ́ńjìnnì yóò nọ́ọ̀kì kí awakọ̀ tó mọ̀, owó rẹ̀ yóò sì ju ti sípíríǹgì lọ ní ìlọ́po púpọ̀.

Bí gbogbo rẹ̀ bá gbà, ẹ ra ojúlówó, kí ẹ sì rà á ní méjì-méjì tàbí mẹ́rin. A kì í fi ṣọ́ọ̀kì tuntun sí ọ̀tún kí á fi àtijọ́ sílẹ̀ ní òsì. Ẹ wo nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ kọ sára sípíríǹgì, kí ẹ sì ríi pé ó bá irú ọkọ̀ yín àti ọdún tí wọ́n ṣe é mu. Ẹ béèrè rọ́bà ìkẹyìn tí ó bá gíga tuntun náà mu. Èyí tí ó gùn jù yóò jẹ ààyè tí ó kù, bí kò bá sì sí rárá, irin yóò máa kan irin.

Ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì tọ́jú àwọn sípíríǹgì àtijọ́. Ní ilẹ̀ Jámánì, ẹni tí ó bá yí sípíríǹgì ọkọ̀ rẹ̀ padà gbọ́dọ̀ ní ìwé tí ó fi hàn pé ohun tí ó fi sí i bá ọkọ̀ náà mu, kí ó sì gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Kò pọn dandan kí a dúró de ẹni tí yóò fipá mú wa kí á tó ṣe ohun tí ó dára fún ẹ̀mí ara wa.

TA NI KÍ Ó FI Í SÍLẸ̀?

Ẹni tí ó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ ṣe kábúkábú, ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀, ẹni tí omi àgbàrá máa ń bo ọ̀nà rẹ̀ ní àsìkò òjò, àti ẹni tí ó ń kó ènìyàn méje sínú ọkọ̀ ènìyàn márùn-ún: kí àwọn wọ̀nyí má ṣe dá a láṣà. Fún wọn, ohun tí ó dára jù ni láti ra sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì tuntun tí gíga rẹ̀ jẹ́ bí ilé iṣẹ́ ṣe fẹ́ ẹ, kí wọ́n pààrọ̀ rọ́bà tí ó ti gbó, kí wọ́n sì ṣe aláínmẹ́ńtì. Ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dọ́gba, tí kò tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ìdí rẹ̀ kò sì wọ́ nílẹ̀, ó ti lẹ́wà tán lójú ẹni tí ó mọ ọkọ̀. Ìwà lẹwà, àti ọkọ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, a kò ní kí ẹ má fẹ́ ohun tí ó wuyì. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ẹ béèrè bí ọkọ̀ yín yóò ṣe rìn pẹ̀lú bí yóò ṣe rí. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi ìbínú dá ọmọ lóhùn nígbà tí ó bá mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Ẹ fún un ní ìwọ̀n, kí ó wọn ọkọ̀ àti ọ̀nà fúnra rẹ̀, kí ó sì kọ àbọ̀ rẹ̀ sínú ìwé. Bí nọ́ńbà náà bá gbà á, kí ó fi sẹ̀ǹtímítà méjì bẹ̀rẹ̀. Bí nọ́ńbà bá kọ̀ ọ́, yóò rí i fúnra rẹ̀ pé kì í ṣe ìwọ ni ó kọ̀ ọ́. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Bí ẹ bá ti ṣe tán, kí ìyá jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ náà láti ilé dé ọjà kí ó sì padà, kí ẹ tó san owó iṣẹ́ mẹkáníìkì tán. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ láìfi ọwọ́ di ẹ̀yìn mú, ẹ ti yàn dáadáa.